Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fún mi ní àsàlátù: báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé àìsàn tí ara ń bá ara jà?

Àbúrò_Mi_Ni · Adéwọlé, Ìlọrin · Ìṣẹ́gun, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò wa ló ní kí n wá fi ìṣẹ́jú 10 sọ̀rọ̀ lórí àìsàn tó ń ṣe àbúrò mi. Lúpọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún 26 ni, télọ̀ ni, ọdún méjì gbáko ló sì gbà wá ká tó mọ ohun tó ń ṣe é.

Bó ṣe lọ nìyí. Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, a ra oògùn ibà. Ó lọ, ó tún padà. Wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún. Ìka ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀, kò lè di àlùmọ́gàjí mú, wọ́n ní làkúrègbé ni, bàbá kan fún wa ní àdí tá a máa fi pa á. Egbò yọ sí i lẹ́nu, wọ́n ní ata ló ń jẹ jù. Irun orí rẹ̀ ń já, onídìrí ní òun ló fún òwú le. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá wú tí bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, la gbé e dé ibi tí dókítà obìnrin kan ti jókòó tì wá, tó ní ká rò ó fún òun látìbẹ̀rẹ̀. Bá a ṣe ń sọ ọ́ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ó tẹjú mọ́ ìwé yẹn títí. Ó ní, "Ṣé ẹnì kankan ò ro gbogbo eléyìí pọ̀ rí ni?"

Kò sẹ́ni tó rò ó pọ̀. Kálukú ń wo ibi tó kàn án. Àwa gan-an tá a jọ ń gbélé ò rò ó pọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ sì ti fara gbá nínú ẹ̀ ká tó mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn obìnrin yẹn gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á sùn. Tí mo bá sọ ọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ni. Kí ni kí n pè é gan-an lédè wa? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 10:02 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á fún àbúrò rẹ ní àlàáfíà.

Má fi orúkọ òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ti pe "autoimmune" lẹ́nu báyìí, ìdajì wọn á ti máa tún ìbòrí ṣe. Ọdẹ ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ní ọdẹ tí wọ́n ń dá owó fún lóṣooṣù kó lè máa lé olè. Ara náà ní ọdẹ tirẹ̀, inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbé, kòkòrò àìsàn ni olè tí wọ́n ń lé. Nínú àìsàn tí à ń wí yìí, ọdẹ ò sùn, ọdẹ ò sì sá lọ. Ojú rẹ̀ ló dà rú. Kò dá onílé mọ̀ mọ́, ó wá ń yìnbọn wọlé.

Tó bá ń yìn ín sí oríkèé, oríkèé á wú. Tó bá ń yìn ín sí ibi tí ara ti ń ṣe ínsúlínì, ohun tó ń ṣètò ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà ti ọmọdé nìyẹn. Tó bá jẹ́ awọ, àwọ̀ á máa ṣí funfun. Àwọn kan wà tí ojú wọn ń yọ síta, tí ọkàn wọn ń sáré, tí wọ́n ń jẹun tí wọ́n sì ń gbẹ, tí ọrùn wọn lè wú bíi ti onígẹ̀gẹ̀: ọdẹ yẹn náà ni, ó ń mú kí ẹ̀yà ara kan nínú ọrùn, táírọ́ìdì, máa ṣiṣẹ́ àṣejù ni. Irú rẹ̀ ju 80 lọ. Èyí tó le nínú lúpọ́ọ̀sì ni pé kò síbi tí kò lè yìn ín sí, òun ló fi ń fara jọ àìsàn mẹ́wàá.

Àwọn àgbà kúkú ti wí i: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Tó o bá pa òwe yẹn, wọ́n á gbọ́.

Kó o sì sọ fún wọn pé tiwọn ni ọ̀rọ̀ yìí. Nínú èèyàn 10 tó ní lúpọ́ọ̀sì, bíi 9 ló jẹ́ obìnrin, ọdún 15 sí 44 ló sì máa ń mú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ń mú àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ.

Ohun kan kù. Ẹnìkan máa béèrè bóyá HIV ni. Má jẹ́ kó béèrè kó o tó dáhùn. Ní ti HIV, kòkòrò àìsàn ló ń pa ọdẹ run. Nínú tiwa yìí, ọdẹ ń ṣe ju agbára lọ. Kì í ran èèyàn, kì í bá abẹ́rẹ́ wọlé, kì í bá ìbálòpọ̀ wọlé, ẹ lè jọ fi ṣíbí kan jẹun.

Ìyẹ̀rú_Ọ̀kín · Ọ̀fà, mo ń gbé Tankẹ́ · Ìṣẹ́gun, 10:40 àárọ̀

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni yín, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wá ọdẹ kiri? Ìjàkadì lorò Ọ̀fà! Ẹ ní ara ń bá ara jìjàkadì, ó parí.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 10:51 àárọ̀

Ọmọ dáadáa. Àmọ́ nínú ìjàkadì tèmi tìẹ, ẹnìkan á ṣubú, ẹnìkan á jó lọ sílé. Nínú èyí, ẹni tó dá èèyàn àti ẹni tí wọ́n dá, ara kan náà ni. Tí wọ́n bá wà ní Ọ̀fà, kí wọ́n lò ó. Ní Adéwọlé, ọdẹ ni.

Gbédègbẹ́yọ̀ · Ìlọrin · Ìṣẹ́gun, 11:30 àárọ̀

Ní ti orúkọ, mo ti gbọ́ tí wọ́n pè é ní "ọ̀tẹ̀ inú ara" lórí rédíò rí. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá ti pe ọ̀tẹ̀ nílẹ̀ wa, ojú á lọ sára ìyàwó kejì. "Àìsàn ara-ń-bára-jà" dára jù, ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á lè tún un sọ.

Tíṣà_Praimárì · Òmù-Àrán · Ìṣẹ́gun, 2:17 ọ̀sán

Ẹ̀yin ará, mo ní ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi. Ó máa ń gbàyè lọ tọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹrin kí agogo ìsinmi tó lù. Mo ní eré ló fẹ́ lọ ṣe. Lọ́jọ́ kan mo fún un ní pàṣán méjì, kò sunkún, ó ṣáà ní "Tíṣà, òǹgbẹ tún ń gbẹ mí." Mi ò kà á sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti ń fi okùn di ṣòkòtò tí ìyá rẹ̀ rà fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù. Ìgò omi lítà kan ló ń gbé wá, kì í dé aago mẹ́wàá. Ọjọ́ tó sùn lórí tábìlì tí a ò rí i jí la tó gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ìtọ̀ ṣúgà irú ti ọmọdé, èyí tí nọ́ọ̀sì wa sọ lókè yìí.

Súìtì kọ́ ló fà á o. Ìyá rẹ̀ sunkún títí pé òun ló fún un ní bisikíìtì jù. Rárá. Ara rẹ̀ ló ba ibi tí ínsúlínì ti ń jáde jẹ́. Kí wọ́n tó rí ínsúlínì ní Toronto ní Kánádà lọ́dún 1921, ikú ni òpin irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í pẹ́. Oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ọmọ ọdún 14 kan lábẹ́rẹ́ rẹ̀. Ọmọ tiwa ti padà sí kíláàsì. Òun ló ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ báyìí.

Nítorí náà, Àbúrò_Mi_Ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún un: ọmọ tó bá ń tọ̀ ṣáá, tó ń mumi ṣáá, tó sì ń gbẹ, ìka ni kí wọ́n lọ fi ṣe àyẹ̀wò ṣúgà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má sọ pé ó di ọ̀la. Kí ẹ sì jẹ́ káwọn alfa ilé kéú náà gbọ́, ọ̀dọ̀ wọn làwọn ọmọ wa ń wà nírọ̀lẹ́, pàṣán tiwọn náà ò sì jìnnà.

Ìṣòro tó kù ni iná. Ìyá ọmọ yìí ní fíríìjì, àmọ́ iná ò sí. Níbo ló máa tọ́jú ínsúlínì sí?

Ìyá_Ìkòkò · Òkèlélé, Ìlọrin · Ìṣẹ́gun, 5:45 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ìkòkò ni. Kẹ́ ẹ tó máa ní fíríìjì, kí là ń lò? Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì, kí kékeré lè wọ inú ńlá, kó ku àyè bí ìbú ìka méjì yí i ká. Ẹ da yanrìn sí àyè yẹn, ẹ rin ín dáadáa. Èyí tí wọn ò kùn lọ́dà ni kẹ́ ẹ rà o, èyí tí wọ́n kùn kì í mí. Kí ìyá ọmọ di oògùn rẹ̀ sínú nílọ́ọ̀nù, kó gbé e sínú kọ́ọ̀bù gbígbẹ, kó wá gbé kọ́ọ̀bù sínú ìkòkò kékeré. Aṣọ tútù ni kó fi bo ẹnu rẹ̀. Ibi òjìji tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kó gbé e sí. Kó máa bu omi sí yanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́ ló ń tutù jù. Tí òjò bá ń rọ̀ tí afẹ́fẹ́ rin, kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù, àmọ́ ooru náà ò pọ̀ nígbà yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí n béèrè tèmi. Tí mo bá jí ní àsùbáà, ọwọ́ mi méjèèjì kì í ká. Mo máa ń ki wọ́n bọ omi gbígbóná kí n tó lè di kẹ́tùrù mú ṣe àlùwàlá. Àwọn ọmọ ìka yìí, èyí tó tẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wú, wọ́n ń gbóná, tọ̀tún tòsì bákan náà. Ó ń di bí aago mẹ́sàn-án kí wọ́n tó là. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Mo ní amọ̀ tútù ló kó sí mi lára. Ìkòkò tí mo ń mọ fún ọgbọ̀n ọdún, mo ń mọ ọ́n lọ́wọ́ báyìí ẹnu rẹ̀ ń wọ́.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Amọ̀ kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀, torí làkúrègbé tí gbogbo wa ń pè ní làkúrègbé, ó ju ẹyọ kan lọ. Ti àgbà, èyí tó wá látinú ogbó àti ẹrù rírù, orúnkún àti ìbàdí ló fẹ́ràn. Tí èèyàn bá jí, ó lè gan díẹ̀, kò ní pẹ́ là. Tó bá wá rìn jìnnà ni yóò máa dùn ún. Èkejì, èyí tí ara ń bá ara jà, oríkèé kéékèèké ló ń bẹ̀rẹ̀ sí, ti ọwọ́ méjèèjì lápapọ̀, á wú, á gbóná, àárọ̀ ló sì ń le jù. Ó lè gan fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ìyá wa kọ sókè yẹn, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé gan-an ló kọ ọ́.

Mi ò lè rí ìka yín látibí, mi ò sì ní sọ pé òun ni. Àmọ́ ẹ má fi oṣù mẹ́ta di mẹ́fà. Irú èkejì yẹn, tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìka má tẹ̀. Tó bá ti tẹ̀ tán, oògùn kì í nà án mọ́.

Ní ti ínsúlínì: èyí tí wọn ò tíì ṣí, ibi tútù ló yẹ kó wà, àmọ́ kó má dé ibi tó ń di yìnyín, èyí tó bá ti dì, ẹ dà á nù, kódà tó bá yọ́ padà. Èyí tí wọ́n ti ṣí tí wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kọjá ọjọ́ 28. Ooru Ìlọrin nínú oṣù kẹta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣeré, kí wọ́n má gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n tàbí sínú mọ́tò.

Àgbà_Ò_Sí_Nílé · Ìlọrin · Ìṣẹ́gun, 8:33 alẹ́

Ẹ má bínú sí mi o. Gbogbo nǹkan lẹ ti fi dókítà ṣe tán. Ọmọge tí ara rẹ̀ ń dán lóṣù yìí, tí irun já kúrò lórí rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ wú, tí àyẹ̀wò ò sì rí nǹkan kan. Ẹ ní ayé ò sí ńbẹ̀?

Alfa_Kékeré · Pákátà, Ìlọrin · Ìṣẹ́gun, 9:10 alẹ́

Bàbá wa, àsàlámù àlékùn. Mi ò ní bá yín jiyàn pé ayé wà tàbí kò sí. Àbúrò_Mi_Ni, ẹ̀yin náà ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìṣẹ́jú 10 lẹ ní. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ìṣẹ́jú 10 á parí, ayé á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni pé àdúà ò dí oògùn lọ́wọ́. Ànábì wa gan-an ní ká máa wá ìtọ́jú. Kí wọ́n máa ṣe àdúà, kí ẹsẹ̀ sì máa rìn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ẹ bá mi fi ti ààwẹ̀ kún un. Lọ́dọọdún ni mo ń rí ẹni tó gbé oògùn sílẹ̀ nínú Ràmàdáánì torí pé kò fẹ́ kí wọ́n rí òun kó máa mumi. Aláìsàn ní àyè nínú ẹ̀sìn wa. Èyí tó bá máa sàn, á san án padà. Èyí tí àìsàn rẹ̀ ò ní tán, á bọ́ tálákà. Kí wọ́n lọ bá dókítà kí oṣù tó yọ, kí wọ́n jọ ṣètò oògùn sí sààrì àti ìṣínu bó bá ṣeé ṣe. Tí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n má gbà á. Ẹni tó ń gún ínsúlínì tó wá ní òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀mí rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Tó_Ti_Fẹ̀yìntì · Ọ̀fà · Ìṣẹ́gun, 9:41 alẹ́

Bàbá, mi ò bá yín jà. Àwọn dókítà gan-an ò tètè gbà á. Paul Ehrlich, ará Jámánì tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1908, ó ní ara ní ohun tí kì í jẹ́ kó gbógun ti ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló kọjá kí wọ́n tó gbà pé ohun yẹn máa ń já. Tí àwọn yẹn bá rò ó pẹ́ bẹ́ẹ̀, a ò lè bínú sí ìyá tó wà lọ́jà.

Ẹ sì wí i pé àyẹ̀wò ò rí nǹkan kan. Àyẹ̀wò ibà ò lè rí lúpọ́ọ̀sì. Ẹni tó wá ewúrẹ́ nínú àgò adìyẹ, kó má ní ewúrẹ́ ti kú.

Kẹ́míìsì_Ọjà_Ọba · Ìlọrin · Rú, 7:55 àárọ̀

Ibi táwọn èèyàn ń kọ́kọ́ dé ni ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí.

Àkọ́kọ́, àwọn oògùn tí wọ́n ń pò pọ̀ sínú nílọ́ọ̀nù kékeré ní gáréèjì, tí wọ́n ní ó ń pa làkúrègbé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ kíákíá lóòótọ́, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, irú prednisolone tàbí dexamethasone ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oògùn ìrora tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Oògùn dáadáa ni prednisolone lọ́wọ́ dókítà, òun ló ń tètè dá ọdẹ yẹn jókòó. Àmọ́ ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó ń mú ojú kún rọ̀bọ̀tọ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ń rà á torí kí wọ́n lè sanra. Ẹni tó bá sì ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi í sílẹ̀, dókítà ló ń kà á.

Èkejì, methotrexate, oògùn ìka tó ń wú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Ẹ̀Ẹ̀KAN LỌ́SẸ̀ ni wọ́n ń lò ó. Kì í ṣe ojoojúmọ́. Èèyàn ti kú nípa àṣìṣe yẹn. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ kọ ọjọ́ yẹn sára páálí rẹ̀. Ẹni tó lóyún tàbí tó ń wá oyún ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ó sì ń kan ẹ̀dọ̀, nítorí náà ẹ má dà á pọ̀ mọ́ àgbo tàbí páràgà.

Ẹni tó ní lúpọ́ọ̀sì, kó máa sọ ọ́ níbikíbi tó bá ti fẹ́ ra oògùn. Septrin tí a máa ń rà fún inú rírun yìí lè jí àìsàn náà dìde.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ta "oògùn tó ń fún ọmọ ogun ara lágbára" lórí Facebook fún àwọn aláìsàn yìí. Ọdẹ tó ń yìnbọn fún onílé, ẹ tún lọ ra ọta fún un?

Hydroxychloroquine, mọ̀lẹ́bí chloroquine tí gbogbo wa mọ̀ nígbà kan, òun ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún ọdún gbọọrọ. Lọ́dún 2020, nígbà Kòrónà, gbogbo èèyàn rọ́ lọ rà á, àwọn tó nílò rẹ̀ ò wá rí i rà. Kí ẹni tó ń lò ó máa lọ fi ojú han àwọn dókítà ojú látìgbàdégbà.

Bàbá_Ọmọ_Kan · Ọ̀rọ̀, Kwara · Rú, 1:20 ọ̀sán

Oyún mẹ́ta ló bàjẹ́ lára ìyàwó mi, ìkẹta ti wọ oṣù karùn-ún. Gbogbo ibi tí ẹ mọ̀ la dé. Wọ́n ti ní ká máa palẹ̀ mọ́ orúkọ àbíkú. Dókítà kan ló ní ká ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan, àfìgbà tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ náà ránṣẹ́ sí Èkó. Èsì dé, wọ́n ní ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì níbi tí ọmọ ti ń jẹun. Aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ tó ń gún síkùn lójoojúmọ́ la fi gbé oyún kẹrin. Ọmọ náà ń fa wáyà fóònù mi bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ẹ sọ ọ́ fáwọn obìnrin yẹn. Mi ò ní kí gbogbo oyún tó bàjẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà béèrè.

Awọ_Dúdú_Dán · Gáà Àkànbí, Ìlọrin · Rú, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Lúpọ́ọ̀sì ń ṣe èmi náà, ó ti di ọdún mẹ́fà. Ẹ má fi àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì hàn wọ́n. Òyìnbó pípọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa bí tòmátì ló kún ibẹ̀. Ara tiwa kì í pupa. Tèmi dúdú ju ojú mi lọ ni, ó fẹ́ jọ àwọ̀ elésè àlùkò, ó ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan gba orí imú bọ́ sí ìkejì, bí labalábá tó na ìyẹ́. Ìyá mi ní kírímù ló jó mi. Tí mo bá jáde sóòrùn fún wákàtí kan, ó di ọjọ́ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àǹfààní tiwa ní Ìlọrin rèé: híjáàbù! Mo ní èyí tó gùn dé ọwọ́, mo ní ìbọ̀wọ́, mo ní agboòrùn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí mo ń bò.

Ohun tó ń dunni ju àìsàn lọ ni "àmọ́ o ò jọ ẹni tó ń ṣàìsàn." Ẹ bá mi sọ fún wọn. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹni tó ṣiṣẹ́. Mo lè jí kí n má lè gbé ife omi. Tó bá di ọ̀sán, mo lè máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀lẹ kọ́ ni mí.

Aṣọ_Òkè · Pákátà, Ìlọrin · Rú, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Tèmi kò gùn. Ọwọ́ àti ẹnu mi funfun, awọ lásán ni, kò dùn mí. Obìnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n ju ṣéńjì sílẹ̀ kí òun ṣà á. Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Kì í ràn.

Àbúrò_Mi_Ni · Adéwọlé, Ìlọrin · Àìkú, 7:30 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣe é. Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ìṣẹ́jú 10 di 40.

Àbúrò mi ló fún mi ní ọgbọ́n tí mo lò. Ó gé ègé ańkárá mẹ́fà sínú ike kan. Mo pín in fún obìnrin mẹ́fà tó jókòó jìnnà síra wọn. Mo ní, ìwọ, tìẹ ni ibà tó ń lọ tó ń bọ̀. Ìwọ, ìka wíwú. Ìwọ, egbò ẹnu. Ìwọ, irun jíjá. Ìwọ, ojú tó dúdú. Ìwọ, ìtọ̀ tó ń hó. Mo ní kí kálukú sọ irú aṣọ tí ègé rẹ̀ ti wá. Ẹnìkan ní ìró, ẹnìkan ní gèlè, ẹnìkan ní aṣọ tábìlì ni. Àbúrò mi wá dìde, ó lọ gba ègé kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sórí ẹní, òdòdó tó wà lára aṣọ náà sì so pọ̀. Bùbá kan ni. Gbogbo ilé pariwo "Subuhánálláhì!" Mo wá fa ìwé nóòtù àbúrò mi jáde, mo ní kí ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ ò bá dá fún ju oṣù kan àbọ̀ lọ ra irú rẹ̀, kó máa kọ ohun tó ń ṣe é àti ọjọ́ tó ṣe é, kó gbé e fún dókítà KAN ṣoṣo pé kó bá òun rò ó pọ̀. Kó sì ní kí wọ́n ti páálí kékeré bọ ìtọ̀ òun. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àwa ò ṣe é lásìkò.

Ti ọdẹ yẹn wọlé gan-an. Ìyá àgbàlagbà kan ní, "A ò wá lè lé ọdẹ náà lọ?" Mo ní rárá, Màmá, olè á wọlé. A kàn ń gba ọta lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Mo sọ fún wọn pé kò tíì ní oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àti pé àbúrò mi tó dúró yìí ti padà sídìí máṣíìnì. Ìyá náà ní kó ká ọwọ́ rẹ̀ kí òun rí i. Ó ká a.

Ẹnìkan béèrè ayé. Mo ṣe bí Alfa ti wí.

Àwọn márùn-ún dúró lẹ́yìn tá a túká. Ọ̀kan ṣí ìbọ̀wọ́ fi ìka hàn mí, ìka rẹ̀ ti ń tẹ̀. A jọ ń lọ sí Ọsibítù Yunifásítì ní Òkè-Òyì láàárọ̀ Ìṣẹ́gun, a máa bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìyá_Ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa lọ. Ọkọ̀ á gba yín. Wọ́n sì tún bi mí léèrè ìkòkò ínsúlínì, ìyá ọmọ kan nílò rẹ̀ kíákíá.

Ìyá_Ìkòkò · Òkèlélé, Ìlọrin · Àìkú, 8:15 alẹ́

Aago mélòó lẹ máa yà mú mi? Ìkòkò wà nílẹ̀, èyí tí ọmọ mi mọ. Kí ìyá ọmọ má san owó. Kó ṣáà ní yanrìn nílé.